Ìborùn Orí Kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù aṣọ wa ní Adjamé kò ní àpótí lọ́tọ̀; gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló wà lẹ́yìn écran, ojú rẹ̀ tí à ń wò. Nígbà tí disque dur rẹ̀, ibi tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, daṣẹ́ sílẹ̀, mo ra tuntun, mo sì tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà fúnra mi.

Òórùn ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Òkú aáyán, ẹyin aáyán, ìgbẹ́ aáyán, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ disque dur náà.

Màmá mi ló fà á. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, wọn kì í fi ohun iyebíye sílẹ̀ níhòòhò. Bí a bá ti tan kọ̀ǹpútà báyìí, ìborùn òfì wọn ti wà lórí rẹ̀, ó bo ihò atẹ́gùn ẹ̀yìn rẹ̀, kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Ṣé òtútù ń mú kọ̀ǹpútà ni? Ooru pa disque dur, aáyán sì rí ibùsùn tó móoru.

Mo gbá ìdọ̀tí náà kúrò, mo fi tuntun sí i, ó tàn.

"Màmá, ẹ wo ohun tí ìborùn yín fà!"

Wọ́n wo òkú aáyán nílẹ̀, wọ́n tutọ́. "Ẹlẹ́gbin gbogbo! Wọn ò ní wọbẹ̀ mọ́ láé."

Ni wọ́n bá gbọn ìborùn náà, wọ́n ṣẹ́ ẹ po sí méjì, wọ́n sì tún fi bo kọ̀ǹpútà.