Wáyà Tó Ya Ọmọ Ìyá Méjì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì lè dá tu ọkọ̀ débi kankan, ni ìjọba ri òpó iná wọ abúlé wa, létí omi, lọ́nà Awoye. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ọ̀rọ̀ mi lábẹ́ fáànù, ẹ má rò pé inú wa dùn lọ títí. Iná yìí ló tú agbo ilé wa ká. Títí di òní, ojú burúkú ni mo fi ń wo ẹnikẹ́ni tó bá mú pílẹ́yà oníwáyà dání wọlé mi.

Orí omi ni ilé wa wà bíi ti gbogbo ará abúlé: òpó igi nísàlẹ̀, pákó nílẹ̀, páànù lára ògiri àti lórí. Nígbà tí bàbá bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gba ilé iwájú, bàbá mi gba ti ẹ̀yìn, afárá pákó kan ló so méjèèjì pọ̀. Orí afárá yẹn la ti ń ṣeré, ibẹ̀ la ti ń jẹ púpurú. Bàbá mi ń gbẹ́ ọkọ̀, òun náà ló ń kan pósí fún òkú abúlé; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pẹja. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja, àti ìyá mi jọ ń yan ẹja níbi ààrò kan náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yóò ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Àwọn oníná ìjọba sọ pé àwọn kò ní fa iná wọ ilé kankan, àfi bí kọngílá tó ní láísẹ́ńsì bá ti ṣe wáyà inú rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń wá sọ́dọ̀ wa, láti Igbókòdá. Bàbá mi ránṣẹ́ pè é. Ọkùnrin náà rin gbogbo ilé, ó na ọwọ́ sí omi tó wà lábẹ́ wa, ó ní ilé orí omi kì í ṣe ilé orí ilẹ̀: inú páìpù ni gbogbo wáyà gbọ́dọ̀ gbà, irin kan sì gbọ́dọ̀ wọnú ẹrẹ̀ lọ jìnnà, kí iná tó bá ṣìnà lè rí ibi lọ. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ owó. Owó ọkọ̀ ńlá tuntun ni, pẹ̀lú àwọ̀n rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ìrẹ́jẹ wà nínú owó yẹn. Ó mọ̀ pé òun nìkan ló ní ìwé àṣẹ lágbègbè wa, ìwé náà ló sì ń fi fún wa lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Olè ni ọ́. Bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ."

Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa san án díẹ̀díẹ̀. Orí omi là ń gbé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí i: "Bó o bá fẹ́ fowó rẹ fún olè, máa fún un. Ilé bàbá mi ni mo wà, kì í ṣe ilé rẹ."

Kò pẹ́, ó mú ọkùnrin mìíràn wá láti etí òkun. Aṣọ ni ẹni yìí ń fọ̀ ní àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo, ibẹ̀ ló ti ń wo bí wọ́n ṣe ń so wáyà, ló bá sọ ara rẹ̀ di oníwáyà. Kò ní láísẹ́ńsì, kò sì tijú láti sọ bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ kéré, ẹja yíyan la fi kún un. Ó fi ìṣó kan wáyà mọ́ ara páànù bẹ́ẹ̀, kò sí páìpù, kò sí irin nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí àwọn oníná ìjọba kọ̀ láti so ilé náà, òun fúnra rẹ̀ gun òpó, ó fi wáyà tirẹ̀ kọ́ ti ìjọba. Gílóòbù tàn nílé iwájú. Bàbá mi nìkan kò lè san owó kọngílá, ó sì ní wáyà yẹn kò ní kọjá afárá wọ ilé òun. Bí a ṣe jókòó sínú òkùnkùn tiwa nìyẹn, tí à ń wo ìmọ́lẹ̀ tiwọn. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń pè wá ní ọmọ alátùpà. Àwa náà ń pè wọ́n ní ọmọ olè iná.

Ìgbà òjò ló ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Ìyá Ẹlẹ́ja ti odò bọ̀, agbọ̀n ẹja lórí, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Ó na ọwọ́ di ògiri páànù mú kó lè gun òkè. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣó ti gé ara wáyà. Kò pariwo. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹja ń dà sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára ògiri. Ìyá mi sáré láti fà á, bàbá mi tì í ṣubú, ó gbé àjẹ̀ ìtukọ̀ tuntun kan tí omi kò tíì kàn, ó fi lu wáyà títí ó fi já. Ìyá Ẹlẹ́ja ṣubú lulẹ̀. Ó ṣì ń mí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sáré jáde, ó kúnlẹ̀ tì í. Bàbá mi dúró lé e lórí, àjẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Ṣé owó tí o ń tọ́jú rèé?"

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má gbọ́ ohun tó burú níbẹ̀. Ó ní "o." Láti ìgbà tí bàbá mi ti gbọ́n, "ẹ" ló ń fi bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lójú àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò tó ti pé lé wa lórí, ó sọ ọ́ di ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà gbójú sókè. Kò dúpẹ́. Ó ní, "Inú rẹ dùn. O ti ń retí ọjọ́ òní."

Mo ti rò ó títí, mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ló pa.

Ìyá Ẹlẹ́ja kò kú, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká, kò nà mọ́. Kò lè la ẹja, kò lè hun ẹní. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, bàbá mi gbé ayùn, ó rẹ́ afárá náà láàárín. Àwọn àgbà abúlé pè wọ́n jọ. Wọ́n ní bàbá mi jàre ọ̀rọ̀ wáyà, ṣùgbọ́n kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí "o" yẹn. Ó ní, "Ẹni tó jàre kì í dọ̀bálẹ̀." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun kò tilẹ̀ fẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi wá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀hún. Ìyá mi nìkan ni kò gbà. Lójú rẹ̀ báyìí ló bọ́ sínú ọkọ̀, ó tu ú yí ẹ̀yìn ilé po, ó lọ la ẹja fún Ìyá Ẹlẹ́ja. Bàbá mi kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ṣé ẹ rò pé oníwáyà yẹn jìyà? Ó sá lọ fúngbà díẹ̀, ó padà, àwọn ará abúlé tún gbà á. Kọngílá Igbókòdá ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó rí i pé ẹ̀rù ń bà wá, ó sì fi kún owó rẹ̀. Apààyàn lọ́tùn-ún, olè lósì, a ní ká mú ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Òde Mahin, ibẹ̀ ló kú sí. Wọ́n ti sin ín kí obìnrin aláròóbọ̀ kan tó mú ìròyìn náà wá. Bàbá mi ń fá ara ọkọ̀ lọ́wọ́, kò dáwọ́ dúró. Ó béèrè pé, "Ta ló kan pósí rẹ̀?" Obìnrin náà ní káfíńtà kan ni, òun kò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, ó wọlé. Ó ṣe díẹ̀ kó tó tún fọwọ́ kan igi.

Òkun ti jẹ ibi tí ilé méjèèjì wà. Igbókòdá ni mò ń gbé báyìí, lórí ilẹ̀. Oníwáyà pọ̀ nígboro bí edé. Èyí ń ta sólà, èyí ń so jẹnẹrétọ̀, ẹnjiníà ni gbogbo wọn. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ mi ọkùnrin mú ọ̀kan wá. Mo ní kó fi láísẹ́ńsì rẹ̀ hàn mí. Oníwáyà náà rẹ́rìn-ín: "Màmá, ṣé láísẹ́ńsì ló ń tan iná ni?" Mo lé e jáde. Ọmọ mi bínú, ó ní òun kò ní owó tí àwọn tó ní ìwé ń béèrè. Òótọ́ ló sọ.

Àwọn tó ń ṣòfin mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ìwé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi apẹja rí pé báwo ni yóò ṣe san owó ẹni tó ní ìwé. Nígbà èwe mi, kí òpó tó dé, òkùnkùn kan náà ni olówó àti tálákà jọ ń gbé. Lónìí, iná wà. Ti olówó ń tàn fún un, ti tálákà ń pa á.