Tíì Gbígbóná Arap Sigilai

Ọdún mọ́kànlélógún ni Tabutany ti ń wo sẹ́ẹ̀lì aláìsàn nínú maikirosikóòpù nílé ìwòsàn wa lágbègbè Bomet ní Kẹ́ńyà. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ló pọ̀ jù níbí, wọ́n sì ní tíì gbígbóná wà lára ohun tó ń fà á. Ó ti sú u, ó ti sú èmi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ náà.

Arap Sigilai ló ń nu ilẹ̀ yàrá wa. Láràárọ̀ ni Tabutany ń bu tíì oníwàrà tó ṣì ń hó fún un, torí ẹni tó bá gbé tíì lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún àgbà níbí ti rí i fín.

“Ṣé odò lo ti pọn èyí ni?” ni bàbá máa ń wí bó bá tutù díẹ̀.

“Ahọ́n yín kì í ṣe irin o, Bàbá.”

“Ta ló bi ọ́?”

Nígbà tí oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́, àwa la fà á lọ bá dókítà. Wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún wa láti yẹ̀ wò. Ohun kan ṣoṣo ni dókítà fẹ́ mọ̀: ṣé òkè ẹran ni àìsàn náà ṣì wà, tí wọ́n á fi lè ha á kúrò?

Nọ́ńbà nìkan, láìsí orúkọ, ló ń wà lára gíláàsì tá a ń tẹ́ ẹran aláìsàn sí, ṣùgbọ́n a mọ nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Gíláàsì àtijọ́ kan tó jẹ́ tirẹ̀ náà tẹ̀ lé e wá, ti àyẹ̀wò tó ṣe léṣìí. Nínú ti èṣí, àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ń yí padà kúrò ní bó ṣe yẹ, àmọ́ bí wọ́n bá ń pín sí méjì, wọ́n ṣì ń pín ogún inú wọn dọ́gba. Nínú tuntun, wọ́n ń pín sọ́nà mẹ́ta. Ọ̀kan gbà á ní àgbàjù, òmíràn ò gbà tó, àṣìṣe yìí ń bí òmíràn, wọ́n sì ti wọnú ẹran lọ.

Tabutany fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ti èṣí pé: “Kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.” Abúlé bàbá ni wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí. Bàbá tó ń nu abẹ́ àga rẹ̀ lójoojúmọ́ ò rí i. Inú bí mi.

Lọ́jọ́ kejì, Tabutany bu tíì, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé títí ó fi tutù.

“Kí ni mo ṣe fún ọ?” ni Arap Sigilai bi í.

“Bàbá, ẹ jókòó.”

Ó wojú rẹ̀, ó jókòó. “Ṣé ó ti pẹ́ jù ni?”

“Ó ti pẹ́, Bàbá. Mo rí i léṣìí. N ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni.”

Bàbá gbé tíì tútù náà. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, kò sì bú Tabutany.