Ilé Tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ Fi Kọ́ Fídíò

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá inú ń bí mi. Inú ń bí mi. Mi ò kàn rí ẹni tí mo lè kọjú ẹ̀ sí ni. Ta ni kí n bá jà? Ọkọ mi? Àbí fóònù?

Ọkọ mi ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Ajẹ́ńtì ilé ni. Láti ìgbà tó ti wà ní géńdé ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa mú àwọn tó ń wá ilé kiri. Ìdì kọ́kọ́rọ́ tó máa ń so mọ́ ìgbànú pọ̀ débi pé kí n tó rí i ni mo ti máa ń gbọ́ ọ. Ó wá ní ìwà kan tó máa ń bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú: kì í mú ẹnikẹ́ni gba iwájú wọlé. Ẹ̀yìn ni, láti ilé ìdáná. Á ṣí ẹ̀rọ omi fún wọn, á fi ibi tí òjò ti ń jò hàn wọ́n, á ní, "Ẹ wò ó dáadáa o, kí ẹ má bàa sọ lọ́la pé mo purọ́ fún yín." Wọ́n ní ó ń lé oníbàárà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kì í padà wá jà.

Ilé tí à ń gbé nígbà náà, Ọ̀gá Àgbà tó dá ọ́fíìsì náà sílẹ̀ ló ni ín. Nígbà tí a bí àkọ́bí wa ló fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lé ọkọ mi lọ́wọ́, ó ní, "Máa gbé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa lé ọ." Kò sí ìwé kankan. Ẹnu ọ̀gá ti tó nígbà náà.

Ọ̀gá Àgbà kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin jogún ọ́fíìsì àti ilé náà. Mádàámú là ń pè é. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Òun ló gbé áàpù dé. Ó ní kò sẹ́ni tó ráyè máa rìn kiri ilé mọ́: orí fóònù ni àwọn èèyàn á ti máa wo ilé, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti sanwó, nọ́ńbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n á sì tẹ̀ sára ìlẹ̀kùn tí á fi ṣí. Wọ́n wá fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fóònù tuntun, wọ́n ní kí kálukú lọ fi ilé kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fídíò.

Ọkọ mi fi ilé wa kọ́ ọ. Ilé wo ni ì bá tún fi kọ́ ọ? Òun ló mọ̀ jù.

Háà, ẹ ò bá rí bàbá yẹn lọ́jọ́ náà! Ó gbé fóònù dání bí ẹni gbé omi gbígbóná. Ó ní kí n kó aṣọ kúrò lórí àga, kí n kó ìkòkò pamọ́. Mo gbálẹ̀, mo nu fèrèsé. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, dákun, kúrò níbẹ̀, o ti ń hàn nínú ẹ̀." Mo ní, "Ojú mi ti wá burú báyìí, àbí?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Mo bá wọ ilé ìwẹ̀, mo ti ìlẹ̀kùn. Láti inú ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ: "Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn. Ilé ìdáná rèé. Igun yẹn máa ń jò. Ilé tèmi rèé o, èmi àti ìyàwó mi là ń gbé ibí, mo kàn fi ń kọ́ṣẹ́ ni." Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo lè búra.

Ó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀. Fídíò lọ.

Ṣé ẹ mọ ohun tí áàpù yẹn ń ṣe? Ó máa ń yọ ohùn èèyàn kúrò, á fi orin sí i, kí gbogbo ilé lè rí bákan náà. Gbogbo ohun tí ọkọ mi sọ pátá ló pa rẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ilé tó mọ́ tónítóní, tí kò séèyàn nínú ẹ̀, tí orin dùùrù ń dún lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí kò sì sí orúkọ ẹnì kankan lórí ilé náà, ó kó o mọ́ àwọn ilé tó ṣófo. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹnì kan ní ìlú míì ti rí i, ó ti gbà á, ó ti sanwó.

Àwa méjèèjì la jọ sáré lọ bá Mádàámú. Ó wo kọ̀ǹpútà, ojú ẹ̀ fà ro. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Tí mo bá fagi lé e, kóòtù ló kàn, ẹjọ́ yẹn á gbé ọ́fíìsì yìí lọ. Àwọn ilé yòókù tó wà lọ́wọ́ mi, ilé oníbàárà ni gbogbo wọn, mi ò rí èyí tí mo lè fi pààrọ̀ fún yín."

Mo ní, "Bàbá ẹ ló fún wa nílé o!"

"Mo mọ̀, mà. Mo mọ̀." Omi bọ́ lójú ẹ̀. Kí ni n ó fi omijé ẹ̀ ṣe?

Ó ní ká kọ̀wé sí àwọn tó ṣe áàpù náà. A kọ ọ́. Wọ́n dáhùn lójú ẹsẹ̀, inú mi ti ń dùn, àfìgbà tí a kà á: wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n ní ká fi ìràwọ̀ sọ bí a ṣe gbádùn wọn tó. Ìràwọ̀! A tún kọ ọ́, ìdáhùn kan náà ló dé. Kò séèyàn níbẹ̀. Ẹni tí mo máa bú gan-an ò sí.

Ọkọ mi ò bú ẹnikẹ́ni. Á kàn jókòó, á wo fídíò yẹn tán, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Kí lẹ̀ ń wò?" Ó ní, "Mo sọ ọ́. Mo sọ pé ilé mi ni." Mo ní mo gbọ́. Àánú ẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè bá a jà mọ́.

Ọ̀sán ni àwọn tó gba ilé dé, tọkọtìyàwó, ọ̀dọ́ ni wọ́n. A ti di ẹrù wa. Pálọ̀ ọmọ wa là ń lọ, ibẹ̀ la ó ti máa sùn lórí àga. Wọ́n dúró síwájú ìlẹ̀kùn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ nọ́ńbà sí. Kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀ lára ìlẹ̀kùn wa. Mo ń wò wọ́n lójú fèrèsé, mò ń sọ lọ́kàn mi pé kí wọ́n wá a títí, bóyá á sú wọn. Mo di ọkọ mi lápá mú: "Ẹ jókòó. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Ó rọra yọ ọwọ́ mi. Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ ìgbànú rẹ̀ bó ṣe ń jáde lọ.

"Ẹ káàbọ̀," ló sọ fún wọn. "Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn."

Ó mú wọn wọ ilé ìdáná mi. Ó ṣí ẹ̀rọ omi. Ó fi igun tó ń jò hàn wọ́n. Gbogbo ohun tí fóònù pa rẹ́ ló ń sọ fún wọn, àfi ọ̀kan. Obìnrin náà rí mi níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ilé yìí mà mọ́ o! Ta ló ń gbé ibí tẹ́lẹ̀?"

Mo la ẹnu. Ọkọ mi ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

"Bàbá kan tó ń kọ́ṣẹ́ ni," ló wí. Ó wá ń yọ kọ́kọ́rọ́ wa kúrò nínú ìdì yẹn, kò tètè yọ.