Ilé Ta Lò Ń Lọ?

Ojo ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Bí ológbò bá fò lórí páànù, èmi ni n ó kọ́kọ́ figbe ta. Láti kékeré ni mo ti ń sá fún ère òkúta Èsìẹ́. Ìyá tó bí ìyá mi ló kó bá mi. Ó ní àlejò ni gbogbo wọn nígbà kan rí, wọ́n wá kí ọba, ọ̀rọ̀ ò wọ̀, ni wọ́n bá di òkúta síbi tí wọ́n jókòó sí. Nígbà tí ilé ìwé kó wa lọ wò wọ́n, àwọn ẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, èmi ń wo ẹnu àwọn ère yẹn. Ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n fẹ́ sọ nǹkan. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, mi ò lè dá nìkan lọ sẹ́yìnkùlé.

Bẹ́ẹ̀, èmi ojo yìí kan náà, ogun ni mò ń jà lórí fóònù. Géèmù kan wà tí ẹni mẹ́rin máa ń para pọ̀ ṣe. Ọkọ̀ òfurufú á já yín sí erékùṣù kan, ẹ ó máa sá pamọ́ fún ọ̀tá láti ilé dé ilé. Bí ìbọn bá ba ẹnì kan nínú yín, kò ní í kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á máa rákò, á máa kígbe, bí ẹ bá sì tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ lè gbé e dìde. Olùkọ́ ni mí ní Ìjàrà-Ìsin, ó kù díẹ̀ kí n pé ogójì ọdún, mi ò lọ́kọ, ilé ìyá mi ni mò ń gbé. Bí mo bá ti máàkì ìwé àwọn ọmọ tán, kí ló tún kù? Ìyá mi ní fóònù lọkọ mi. "Sọ fún ọkọ rẹ kó dákẹ́, ká lè gbàdúrà," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Inú géèmù yìí ni mo ti pàdé ọmọ Kútọnu kan. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé wọn lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n Faransé ti bá a débi imú. Fèrè tìróńpẹ́ẹ̀tì ló ń fọn ní oríta. Á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ti òun ti ariwo ọ̀kadà àti ẹ̀rín àwọn tó dúró wò ó, á fi ránṣẹ́ sí wa. Èmi náà á gba ohùn òjò lórí páànù ilé wa, á ní orin nìyẹn náà. Bí ogun bá ti parí ni ọ̀rọ̀ àwa mẹ́rin ń bẹ̀rẹ̀: ibi tí kálukú ti dé rí, ibi tó wù ú kó dé, orin tí wọ́n ń kọ ládùúgbò rẹ̀, ibi tí àwọn baba rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí mi ò lè sọ fún ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn tí mi ò rí ojú wọn rí ni mò ń sọ ọ́ fún. Mo sọ fún wọn pé dókítà ti ní kí ìyá mi jìnnà sí ohun dídùn nítorí ìtọ̀ ṣúgà, àti pé ó ti ṣèlérí níwájú gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ pé òun ti jáwọ́. Irọ́ ni o! Ó ń fi àádùn pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò omi. Bí mo bá ti jáde báyìí, ó ti dẹnu lé e nìyẹn. A rẹ́rìn-ín títí.

Orúkọ géèmù là ń pe ara wa. Èmi ń jẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́, òun ń jẹ́ Lékeléke. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé kí ni wọ́n sọ ọ́ níjọ́ kẹjọ. Ká sòótọ́, kò tiẹ̀ wá sí wa lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ló wá dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá bàbá rẹ̀ sọ fún un kó tó kú pé Ìgbómìnà làwọn ti ṣí lọ, kò dárúkọ ìlú, kò dárúkọ ilé. Mo fi àwòrán àwọn ère Èsìẹ́ ránṣẹ́ sí i, ó ní ọ̀kan nínú wọn fojú jọ bàbá òun. Kò pẹ́ ló kọ̀wé: "Mò ń bọ̀ wá wò wọ́n. Ọ̀dọ̀ rẹ ni n ó dé sí."

Àyà mi já. Ẹni tó bá ń gbé ọ̀dọ̀ wa lásìkò yìí mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀nà tí à ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko nígbà èwe mi, àwọn ajínigbé ti gbà á. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé àgbẹ̀ kan láàrin Òwu-Ìsin sí ọ̀dọ̀ wa, a ò sì gbúròó rẹ̀. Ìyẹn làwọn ọdẹ ìlú ṣe na igi dábùú ọ̀nà, tí wọ́n ń da ìbéèrè bo gbogbo àjèjì. Mo ní kó má wá. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ó dáa, bó bá ti dé gáréèjì Òmù-Àrán, kó jókòó síbẹ̀, kó má gbẹ́sẹ̀ kan, èmi fúnra mi ni n ó wá mú un. Ó ní òun ti gbọ́.

Kò gbọ́ o.

Mo dé gáréèjì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mi ò rí àlejò kankan tó jókòó de ẹnikẹ́ni. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Mo tún pè é, kò lọ. Mo bi ìyá kan tó ń ta ọsàn bóyá ó rí àjèjì kan. "Èyí tó gbé àpò dúdú yẹn, tó ń fi imú sọ̀rọ̀?" ló wí. "Ó ní iná fóònù òun ti fẹ́ kú. Ó ti bá ọ̀kadà lọ sọ́nà Ìsin." Mo ṣì dúró síbẹ̀ tí ọlọ́kadà náà fi padà dé lóun nìkan, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Àwọn ọdẹ ti mú èrò mi o! Wọ́n ní amí àwọn ajínigbé ni. Èmi ò mọ̀ ọ́n rí!"

"Níbo ló wà?"

"Wọ́n tì í mọ́ kíláàsì àtijọ́ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Àbúrò àgbẹ̀ tí wọ́n gbé lọ yẹn ti dé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọdẹ fà á lé àwọn lọ́wọ́."

Mo ní kó gbé mi padà lọ síbẹ̀. Ó ní bóyá orí mi ti dàrú. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó gbé mi. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní kí n má fún òun lọ́rùn pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i níbi igi náà, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́yìn náà. Lọ́dọ̀ wa, a kì í lọ sí ìlú, ilé là ń lọ. Bí o bá ní Ìjàrà lò ń lọ, o ò tíì sọ nǹkan kan. Ilé ta? Ta ló ń retí rẹ? Ẹni tí kò bá rí ìyẹn dáhùn, a ò tíì kí i káàbọ̀. Bàbá tó jẹ́ olórí ọdẹ bi í: "Ilé ta lò ń lọ?" Ó ní ilé ọ̀rẹ́ òun. "Kí lorúkọ ọ̀rẹ́ rẹ?" Ọmọ Kútọnu ronú títí, ó ní Ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ wò ó! Ó dúró níwájú àwọn ọdẹ tí ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, ó ní ilé ọ̀kẹ́rẹ́ lòun ń lọ! Wọ́n ní ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tú àpò rẹ̀, wọ́n rí fèrè. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọn ọ́n kí wọ́n lè mọ̀ pé olórin lòun. Bàbá ní: "Ta lo fẹ́ pè nínú igbó?" Ni wọ́n bá tì í mọ́lé.

Nígbà tí mo dé, èrò ti pọ̀. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá náà, mo ní àlejò mi ni. Ó ní kí n dárúkọ rẹ̀.

Mo mọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ orin tó ń fọn bí inú rẹ̀ ò bá dùn. Orúkọ rẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n! "Lékeléke," ni mo wí.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ àti lékeléke," ni bàbá wí. Kò rẹ́rìn-ín rárá. "Olùkọ́, àwọn ọmọ wa lò ń kọ́. Jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ lọ pe ìyá olùkọ́ wá."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù mìíràn ti wá bá mi, èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ta ló sọ fún mi pé ọmọ Kútọnu ni? Ohùn àti orin ni mo gbọ́. Gbogbo inú ilé wa ni mo ti tú fún un, ibi tí ìyá mi ń jókòó sí, pé kò sí ọkùnrin lọ́dọ̀ wa. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ làwọn ọdẹ ń sọ ńkọ́? Olúwa mi, ṣé èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣílẹ̀kùn fún wọn? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò sì mọ èyí tí mò ń sunkún fún nínú méjèèjì.

Ìyá mi dé, òun àti bíi mẹ́ta nínú àwọn obìnrin ìjọ. Bàbá sún mọ́ fèrèsé kíláàsì náà. "Ìwọ ọkùnrin yìí, sọ bí ilé tí ò ń lọ ṣe rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta, ẹ má là á lẹ́nu o."

Ohùn rẹ̀ jáde. "Òjò máa ń pariwo lórí páànù ilé náà."

"Ilé wo ni òjò ò ti ń pariwo?"

"Obìnrin méjì ló ń gbé e, kò sí ọkùnrin. Ìdè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti já, okùn ni wọ́n fi ń so ó."

Yéè! Mo fọwọ́ bojú. Ariwo sọ. "Ẹ ò gbọ́? Ó ti ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn!" Àbúrò àgbẹ̀ náà ti gbé igi, ó di ọwọ́ ọdẹ méjì kí wọ́n tó lè dá a dúró. Ìyá mi yíjú sí mi. Ó ti mọ̀ pé ilé òun ni.

"Ẹ gbọ́ mi!" ọmọ Kútọnu ń kígbe nínú ilé. "Ìyá tó wà níbẹ̀! Dókítà ní kó má jẹ ohun dídùn, ó ń fi àádùn pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò omi! Bí ọmọ rẹ̀ bá jáde, á jẹ ẹ́! Ẹ bi í!"

Àwọn obìnrin ìjọ wo ìyá mi. Ìyá mi wolẹ̀. Bàbá ní: "Ìyá, ṣé ilé yín ló ń wí?"

Mo mọ ìyá mi. Kàkà kó jẹ́wọ́ àádùn lójú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, á fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Bó bá ní rárá, ó tán fún ọmọ ọlọ́mọ. Mo ń gbàdúrà, mi ò mọ ohun tí mò ń wí. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó fara balẹ̀ wé e, bí ẹni tó fẹ́ lọ ka Bíbélì níwájú ìjọ.

"Ilé mi ni," ló wí. "Èmi ni mò ń jẹ àádùn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ṣé mo jí i ni? Ẹ̀yin ọdẹ, olè wo ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn tó tún ń ka àádùn ẹ̀yìn ìkòkò mọ́ ọn? Ẹni tí a jọ ń rẹ́rìn-ín nílé ló ń mọ irú nǹkan báyìí. Ilé mi ló ń bọ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Bó bá ṣe iṣẹ́ ibi, èmi ni kí ẹ wá mú."

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó jáde ti ní irun funfun ní àgbọ̀n. Ọmọdé ni mo ti ń rò pé ó jẹ́! Ó ń wo obìnrin kan dé èkejì. "Ta ni Ọ̀kẹ́rẹ́?" ló bi wá. Mo nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì bú sẹ́kún. Àbúrò àgbẹ̀ náà ju igi sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n tèmi ńkọ́?"

Ìyá mi gbé oúnjẹ fún wa, a jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní: "O sì ń rí mi láti ìgbà yẹn, o ò wí." Ó gbé àádùn náà jáde, ó bu fún àlejò, kò bu fún mi.

A lọ sí Èsìẹ́ níkẹyìn. Ó dúró pẹ́ níwájú èyí tó fojú jọ bàbá rẹ̀. Mo sọ ìtàn ìyá ìyá mi fún un. Ó ní: "Bóyá wọ́n bi àwọn náà léèrè ilé tí wọ́n ń lọ, wọn ò mọ̀ ọ́n." Ẹ̀rù tún bà mí, mo ní kí a máa lọ.

Lọ́jọ́ tó ń padà, èmi àti ìyá mi sìn ín dé gáréèjì. Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó dárúkọ ara rẹ̀ fún mi, ó dárúkọ bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, àdúgbò wọn, àti ohun tí wọ́n ń tà ní ẹnu ilé wọn. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"Sọ ọ́ sókè," ni ìyá mi wí. "Ẹni tó máa bi ọ́ lè má gbọ́."

Mo sọ ọ́ sókè láàrin àwọn awakọ̀, ojú ò tì mí. Mo ṣì ń kà á kí n tó sùn, lẹ́yìn àdúrà Bàbá wa tí ń bẹ lọ́run. Ojo ni mí, mi ò tíì dé Kútọnu rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá mi dúró lójú ọ̀nà, mo mọ ilé tí mò ń lọ.