Ife Méjìlélọ́gọ́ta ní Bajuláyé

Òórùn tàdáwà àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni Bajuláyé, ní Ṣómólú, fi ń kí èèyàn káàárọ̀ nígbà náà. Ayé ṣọ́jà ni, ayé ètò ọrọ̀ ajé Sáàpù, tí búrẹ́dì di oúnjẹ ọdún. Ìwọ náà á rántí. Tíṣà ni mí, ìjọba sì gbà mí kún àwọn tí yóò ka èèyàn.

Ilé kan wà níbẹ̀, yàrá méjìlá, ilẹ̀kùn kọjú sílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ ìkànìyàn, tí ṣọ́jà ní kí kálukú jókòó sílé, ìyá onílé gbé àpótí tì mí láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ó ń dárúkọ wọn fún mi: atẹ̀wé, aránṣọ, ọmọ ọwọ́, títí kan bàbá tí wọ́n dá dúró níléeṣẹ́, tó ní kí n kọ ọ́ pé òun ń sinmi. Gbogbo wọn jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ìkòyí ló ń gbé.

"Tíṣà, yàrá mẹ́wàá ló wà nílé tèmi, àwa mẹ́rin la ń gbé ibẹ̀. Irọ́ lo pa yìí. Ọgbọ̀n ni màá kọ."

Ara mi gbóná. Kì í ṣe torí orúkọ mi nìkan. Wọ́n ti ní iye èèyàn làwọn máa wò kí wọ́n tó fa omi ẹ̀rọ wọ àdúgbò, ọwọ́ mẹ́ruwà la sì ti ń ra omi tí a ń mu. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi lọ ní ìdájí, kí àwọn ará ilé náà tó jáde."

A débẹ̀, wọ́n tú síta bí èèrùn. Ọ̀gá naka: "Ọ̀kan, èjì..." Ìyá ìbejì kan gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ẹ má naka sí wọn o! Ta ní ń ka ọmọ fọ́lọ́mọ?"

Làwọn ìyá tó kù bá kó ọmọ wọlé, ilẹ̀kùn ń dún gbàgà. Ọ̀gá yọ báírò pupa kó lè kọ ọgbọ̀n rẹ̀.

Ìyá onílé ló fọhùn. "Ẹ gbé ife yín wá."

Torí omi tó ṣọ̀wọ́n, ife kan ṣoṣo ni kálukú ní nílé náà, wọ́n sì fi tàdáwà sàmì sí i kí ẹlòmíràn má bàa fi mu. Wọ́n tò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná. Ọ̀gá ń fi báírò kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kà á tán, ó tún un kà.

"Méjìlélọ́gọ́ta."

Ọ̀kan lé! Mo béèrè pé, "Ta ló ni èyí tó gbẹ̀yìn?"

Ìyá onílé ní, "Tèmi mà ni." Ẹni tó jókòó tì mí látàárọ̀ dalẹ́, tó ń dárúkọ gbogbo ilé, èmi àtòun la jọ gbàgbé pé èèyàn lòun náà!

Ẹ̀rín gba ilé kan. Ọ̀gá jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìyá onílé kún un.

"Ọjọ́ orí yín, Màmá?"

"Lúkúlúkú, àjàkálẹ̀ àrùn ayé ogun Jámánì àkọ́kọ́, bá mi láyé. Ìwọ lo kàwé, ṣírò ẹ̀."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Kọ ọ́ pé mò ń tọ́jú èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ariwo tí ilé náà pa, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé àdúgbò Pedro.

Mo ti darúgbó báyìí. Bí mo bá ń ka ìwé ìròyìn tí wọ́n ní èèyàn Èkó ti tó báyìí báyìí, ife ni mo máa ń rí. Màá wá bi ara mi pé, ẹni tó ń pe orúkọ ńkọ́, ṣé wọ́n rántí kà á?