Ọmọ tí Bàbá Wa Fi Ṣe Sàráà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí títì tó kọjá níwájú agboolé wa ní Ìlọrin, ẹ̀gbọ́n méjì ni mo ní. Obìnrin ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi sì ni àbíkẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí léèrè ọdún tó jẹ́ o. Ẹni tó bá ń ka ọdún orí obìnrin, kò ríṣẹ́ ṣe ni. Bàbá wa jẹ́ àáfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa, ìyá wa sì ń mọ ìkòkò. Àwa ọmọbìnrin la máa ń bá a po amọ̀, tí a ó bá a sun ìkòkò náà, tí a ó sì rù wọ́n lọ tà.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi wọ̀nyí, ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wọn, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò bára tan rárá. Èyí àgbà kì í sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, àkeekèé ta á lẹ́sẹ̀ níbi tí a ti ń wa amọ̀, kò sọ fún ẹnì kankan. Ó ru amọ̀ tirẹ̀ délé, ó gbálẹ̀, ó bu omi àlùwàlá fún Bàbá. Ìgbà tí ẹsẹ̀ wú, tí kò lè wọ bàtà mọ́, la tó mọ̀. Èyí èkejì ńkọ́? Háà! Bí abẹ́rẹ́ lásán bá gún un, gbogbo agboolé ni yóò gbé omi sáré wá, wọ́n á rò pé ilé ló ń jó. Aláriwo la máa ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ kì í wọ́n lẹ́nu Aláriwo. Lọ́sẹ̀ yìí, awakọ̀ lọ́rì kan ló fẹ́ fẹ́ òun. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, akọ̀wé kan ní GRA ni, tó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé funfun, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé a bí ẹnì kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá wa á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ ni yóò kọ́kọ́ dé ilé ọkọ, kí ìwọ alára tó tẹ̀lé e." Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa: ọmọ kéwú Bàbá wa tó dàgbà jù, tó wá láti abúlé kan lọ́nà Malete. Ẹ̀wù méjì péré ni ọkùnrin náà ní. Ó ń kọ́ kéwú lọ́dọ̀ Bàbá, ó sì tún ń bá wọn roko. Bí Aláriwo bá ti gbọ́ ìró bàtà táyà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á pariwo, "Màlúù Malete ti dé o!" Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín, á sì tẹrí ba kọjá.

Ọ̀fà Garage la ti máa ń ta ìkòkò, torí àwọn tó ń wọkọ̀ lọ sí apá ìsàlẹ̀ máa ń ra àmù lọ́wọ́ wa. Télọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń pàtẹ sí, àpọ́n ni. Gbogbo ọjọ́ tí a bá lọ ló máa ń ra ìkòkò kan. Ẹ gbọ́ ná, kí ni àpọ́n fẹ́ fi ìkòkò mẹ́sàn-án ṣe? Ẹ̀gbọ́n mi àgbà á gbé e fún un, kò ní sọ̀rọ̀, télọ̀ náà kò ní sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí gbogbo eyín ẹ̀gbọ́n mi. Télọ̀ á ra wàrà fún mi kí n lè dákẹ́, mo sì ń jẹ ẹ́ dáadáa. Lọ́jọ́ kan tí à ń bọ̀ nílé, ẹ̀gbọ́n mi dì mí létí mú, ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi máa wá bí màá ṣe sọ ọ́ fún Bàbá." Mo búra fún un.

Kò tíì wá ọ̀nà náà rí tí àìsàn fi dá Bàbá wa dùbúlẹ̀. Ẹ ò lè mọ bí ẹ̀rù ṣe bà wá tó. Ọmọ kéwú yẹn ló pọ̀n wọ́n sẹ́yìn lọ sí ọsibítù, òun ló ń fọ aṣọ wọn, òun ló ń bu ẹ̀kọ sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí Ọlọ́run gbé wọn dìde, ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n lè lọ kírun, wọ́n dìde láàárín àwọn èèyàn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ní àwọn fi ẹ̀gbọ́n mi àgbà ṣe sàráà fún ọkùnrin náà. Láyé ìgbà yẹn, bí àáfáà bá fẹ́ dúpẹ́ oore ńlá, ó lè fi ọmọ rẹ̀ fún èèyàn rere láìgba nǹkan kan. Gbogbo ènìyàn kígbe àmín. Wọ́n ń bọ ọmọ kéwú lọ́wọ́ káàkiri àdúgbò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wa ní a kò gbọdọ̀ fa ọmọ fún ọkọ láìbi í léèrè. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n Bàbá wa obìnrin wọ yàrá tọ̀ wá wá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọkùnrin rere ni Bàbá rẹ fi ọ́ fún. Ṣé o gbà?" Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́lẹ̀. Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mẹta, kò fọhùn. Ìyá náà bá ké síta, "Alihamudulilai, ó gbà o!" Torí ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ìdákẹ́ wúńdíá ni gbígbà rẹ̀, ojú ló ń tì í láti ní òun fẹ́. Ẹ má gbọ́ mi ṣì o, òfin tó dáa ni. Àánú ọmọ onítìjú ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá túmọ̀ ìdákẹ́ ẹni tó jẹ́ pé bó ṣe ń dákẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn?

Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi kò fi jẹun. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i, torí oúnjẹ rẹ̀ kì í tó nǹkan tẹ́lẹ̀. Aláriwo pàápàá kò pariwo bó ṣe máa ń ṣe, mo rò pé àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fẹ́ lọ ló ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kún mi níkùn. Mo mọ̀ pé mo ti búra, mo mọ̀ pé wàrà tí mo jẹ kò kéré, síbẹ̀ n kò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo tọ Aláriwo lọ níbi tó ti ń po amọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti télọ̀, ti ìkòkò mẹ́sàn-án.

Ó ní, "Kí lo wí?" Mo tún un wí. Ó jókòó sínú amọ̀ taṣọtaṣọ. Lẹ́yìn náà ó fò dìde, kò tilẹ̀ fọwọ́, ó gba ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ tààrà. Bàbá wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà tí wọ́n ń mú ọjọ́ tí wọn yóò so yìgì. Ọmọ kéwú náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Aláriwo kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Nígbà tí àkeekèé ta ẹ̀gbọ́n mi, ó dákẹ́. Ṣé ó gbà fún àkeekèé náà ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní kí wọ́n lé ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí jáde. Bàbá wa gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi àgbà wá. Nígbà tó kúnlẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi fúnra mi ni mò ń bi ọ́. Má dákẹ́ fún mi lónìí." Ó pẹ́ kó tó lanu. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n n kò lè fẹ́ wọn. Ẹlòmíràn ló wà lọ́kàn mi." Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́.

Ó ku ìtìjú ọmọ kéwú. Gbogbo àdúgbò ló ti kí i kú oríire. Ó dìde, ó ní òun ti yọ̀ǹda, pé nítorí Ọlọ́run ni òun ṣe ń tọ́jú Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ìbá rí ojú rẹ̀. Àgbà kan ní, "A ti kéde sàráà yìí ní mọ́sáláṣí, báwo la ṣe fẹ́ dá a padà sílé?" Aláriwo tí a rò pé ó ti parí tirẹ̀ bá ní, "Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ yín ni? Ẹ fi èmi ṣe é." Bàbá ní, "Ìwọ? Ìwọ tó ń pè é ní màlúù?" Ó ní, "Bàbá, ṣé màlúù kì í ṣe ọrọ̀ ni?" Àwọn àgbà kò mọ ìgbà tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ kéwú náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa.

Bó ṣe rí nìyẹn. Bàbá ní kí télọ̀ kọ́kọ́ wá kọ́ kéwú kó tó fẹ́ ọmọ òun, ó sì ń rán aṣọ, ó ń ka Àlùkùránì, títí wọ́n fi so yìgì wọn. Aláriwo ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí abúlé lọ́nà Malete ṣáájú ìgbà náà. Ìyá wa sunkún, ó ní ọmọ òun ti fi ara rẹ̀ ra ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà. Gbogbo ọdún tó bá ti oko wá pẹ̀lú iṣu lórí, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti le gbagidi, n kì í lè wo ojú rẹ̀. Èmi ni mo dà á, torí èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo gbé ẹ̀bi yìí dàgbà, mo gbé e lọ sílé ọkọ, mo gbé e di ìyá àgbà.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ Aláriwo kú. Nígbà tó parí opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, mo wọkọ̀ lọ kí i. Malete ti di ìlú yunifásítì báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá ló kún inú ilé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, arúgbó bíi tèmi, mo ní kó forí jì mí, pé ẹnu mi ló sọ ọ́ di ará oko.

Ó ní, "Ìwọ náà gbà á gbọ́?"

Mo ní, "Mo gba kí ni gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yọjú. Ó ní, "Ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́! Láti ọjọ́ tó ti gbé wàláà kéwú rẹ̀ wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ wa. Awakọ̀ wo, akọ̀wé wo? Ariwo lásán ni, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tí ojú mi ń lọ. Nígbà tí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n wa ti gbà á, mo panu mi mọ́. Èmi náà kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí o ò bá wá sọ fún mi, bí mo ṣe máa pa á mọ́ra kú nìyẹn."

Ara mi fúyẹ́, mo fẹ́ jó. Mo wá bi í pé, "Ṣé ọkọ yín mọ̀?"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ọdún Iléyá, bó bá ti dé láti yídì, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Á ní òun mọ̀ pé kì í ṣe òun ni mo fẹ́, pé Ọlọ́run yóò san án fún mi tí mo gba òun lọ́wọ́ ìtìjú. Èmi á ní, 'Ẹ jẹ́ ká jẹun, oúnjẹ ti ń tutù.' Ojú ń tì mí. Mo máa ń ní màá sọ fún un lọ́dún tó ń bọ̀." A jókòó síbẹ̀, àwa méjèèjì, a sunkún.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ta ló tún ń fi ọmọ ṣe sàráà? Àwọn ọmọ ló ń mú ọkọ wálé wá han bàbá wọn. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà sí Ìlọrin, ọmọbìnrin kan jókòó tì mí, ó gbé fóònù sétí, ó ń sọ fún ẹnì kan pé, "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, ṣé o gbọ́? Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ gan-an." Bàbá kan lẹ́yìn wa pòṣé, ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò nítìjú. Tẹ́lẹ̀, èmi náà ìbá bá a pòṣé. Mo yíjú sí i, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀." Ọmọ náà rò pé òun là ń bá wí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án léjìká, mo ní kó sọ ọ́ sókè, kí ẹni náà lè gbọ́ ọ dáadáa.