Páásíwọ̀ọ̀dù Bùọ̀dá Mi

Ẹnu mi ò tíì pa dé látìgbà tí mo ti Atikori dé.

Kọ̀ǹpútà bùọ̀dá mi kọ̀, kò ṣí láàárọ̀, pírójẹ́ẹ̀tì tó gbọ́dọ̀ gbé lọ sí yunifásítì wọn l'Àgọ́-Ìwòyè lónìí sì wà nínú ẹ̀. Màámi ní kí n sìn ín lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Atikori. Orí ọ̀kadà kan náà la jókòó sí, a ò bára wa sọ̀rọ̀. Látọjọ́ Àìkú la ti jà.

Ẹnjiníà dá kọ̀ǹpútà náà padà sí bó ṣe wà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ṣí! Àmọ́ ó kọ páásíwọ̀ọ̀dù tí bùọ̀dá pè.

"Ìgbà wo lo yí i?"

"Lọ́jọ́ Àìkú."

"Ẹn-ẹ́n, ti tẹ́lẹ̀ ló mọ̀ báyìí. Pè é."

Bùọ̀dá wojú mi, ó wolẹ̀.

"Àdùkẹ́."

"Àdùkẹ́ wo? Ìyàwó ọ̀nà?"

"Rárá o. Àbúrò mi yìí ni."

Oríkì mi! Àtìgbà tí ìyá àgbà ti kú, kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ nílé wa mọ́. Èmi tí mo rò pé bùọ̀dá kórìíra mi!

Ẹ bá mi dá a: ṣé kí n yọ̀ pé orúkọ mi ló ń tẹ̀ lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, àbí kí n bínú pé ọjọ́ tá a jà gan-an ló yọ mí kúrò?